Ọwọ́ Ta Ni Ààbò Ibi Iṣẹ́ Wà? Ohun Tó Kan Alábòójútó Gan-an

Bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ á ní òun ra akoto, òun ra ìbọ̀wọ́. Òṣìṣẹ́ ààbò á ní òun ti lẹ òfin mọ́ ara ògiri. Alábòójútó á ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun ni òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á yíjú sí ẹni tó fara pa, wọ́n á ní kò ṣọ́ra, wọ́n á sì gbé ìwé tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́ jáde.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ibi tí ojúṣe ẹnì kan parí sí àti ibi tí ti ẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀, títí kan àwọn tó ti ń bójú tó iṣẹ́ láti ọdún gbọọrọ. Ewu ńlá ni. Níbi tí olúkúlùkù bá ti rò pé ẹlòmíràn ló ń wo nǹkan, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Apá ti alábòójútó ni mo fẹ́ tú palẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń ṣì lóye jù: àwọn kan rò pé gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́rùn un rẹ̀, àwọn mìíràn sì rò pé kò kàn án rárá.

Ta la ń pè ní alábòójútó?

Ẹ má wo orúkọ oyè. Wọ́n lè máa pè é ní fọ́máànù, súpáfáísọ̀, olórí ikọ̀, tàbí nọ́ọ̀sì àgbà tó ń darí wọ́ọ̀dù lóru. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: ta ló lè ní "ẹ bẹ̀rẹ̀" tí iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀, tó sì lè ní "ẹ dúró" tí iṣẹ́ á dúró? Òfin ààbò iṣẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà sọ ọ́ ní ṣókí, pé alábòójútó ni ẹni tí ibi iṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, tàbí tó ní àṣẹ lórí òṣìṣẹ́. Kò béèrè iye owó oṣù rẹ̀, kò sì béèrè bóyá ó ní ọ́fíìsì tirẹ̀.

Èyí máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá sọ fún pé "máa bá mi wo àwọn yòókù títí n ó fi dé" ti di alábòójútó fún wákàtí yẹn, yálà ẹnikẹ́ni fún un ní ìwé tàbí kò fún un. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí wọ́n kàn na ìka sí ẹnì kan pé kó máa darí iṣẹ́ nítorí pé ó yára lọ́wọ́ tàbí pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe dáadáa lè má mọ bí a ṣe ń rí ewu tó ń bọ̀ wá bá ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, agbanisíṣẹ́ ló sì yẹ kó san owó rẹ̀.

Ojúṣe ààbò kì í ṣe iṣẹ́ kejì tí wọ́n fi kún iṣẹ́ alábòójútó. Inú àṣẹ tó ní láti darí iṣẹ́ ló ti wá. Bó bá lágbára láti pín iṣẹ́, òun náà ló ń pín ewu tó wà nínú iṣẹ́ yẹn, bó mọ̀ bí kò mọ̀.

Bí wọ́n ṣe pín in

Agbanisíṣẹ́ ló ni èyí tó pọ̀ jù. Òun ló ń yan ẹ̀rọ, òun ló ń pinnu iye ènìyàn tí iṣẹ́ máa ní, òun ló ń náwó. Òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ tí Britain ṣe lọ́dún 1974 to nǹkan mẹ́rin kan pọ̀ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ pèsè: ìsọfúnni, ìtọ́ni, ìdálẹ́kọ̀ọ́ àti àbójútó. Ẹ kíyè sí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àbójútó fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí agbanisíṣẹ́ jẹ òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ènìyàn kan ṣoṣo ṣe alábòójútó fún ibi mẹ́rin tó jìnnà síra, tí ìjàm̀bá sì ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí, ẹ̀bi àkọ́kọ́ kì í ṣe tirẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ààbò ní tirẹ̀, olùdámọ̀ràn ni. Ó ń yẹ nǹkan wò, ó ń wọn ariwo àti eruku, ó ń kọ́ni, ó ń ṣàkọsílẹ̀. Níbi púpọ̀, kì í ṣe òun ló ń pín iṣẹ́ òwúrọ̀, kì í sì í wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá yí padà lójijì ní ọ̀sán. Alábòójútó tó bá ń ní "ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ lọ bá àwọn ààbò" ti fi ojúṣe tirẹ̀ lé ẹni tí kò sí nítòsí lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ náà ní ojúṣe: kó tẹ̀ lé ìtọ́ni, kó lo ohun ààbò tí wọ́n fún un, kó sì sọ ewu tó bá rí. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Àdéhùn kárí ayé nípa ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe lọ́dún 1981, dárúkọ ẹni náà ní tààrà: alábòójútó tó wà lókè òṣìṣẹ́ náà gan-an. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ìdí tó bọ́gbọ́n mu láti gbà pé ewu ńlá tó lè gba ẹ̀mí tàbí tó lè ba ìlera jẹ́ fẹ́ ṣẹlẹ̀, alábòójútó rẹ̀ ni kó sọ ọ́ fún lọ́gán, agbanisíṣẹ́ kò sì lè ní kó padà sídìí iṣẹ́ yẹn títí wọ́n á fi tún un ṣe. Àdéhùn kan náà ní owó ààbò kò gbọ́dọ̀ jáde lápò òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2022, ILO gbé àdéhùn yìí sáàárín àwọn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ẹ̀tọ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí alábòójútó ń yìn

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù kọjá lórí bẹ́líìtì. Nǹkan há sí i, ó dúró. Òṣìṣẹ́ tó sún mọ́ ọn jù fẹ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó fa ohun tó há yọ, torí ó mọ̀ pé wọ́n á bi òun léèrè gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ bá fi dúró. Bó bá pa súwíìṣì nìkan, ẹnì kan tí kò rí i lè tẹ bọ́tìnì láti apá kejì. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n gé iná kúrò níbi tó ti ń wọlé, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa wọ inú ẹ̀rọ fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibẹ̀ pa, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò òun fúnra rẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́ta bá máa fọwọ́ kàn án, àgádágodo mẹ́ta ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀ wò, kí wọ́n lè rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ti kú lóòótọ́. Kò tíì parí o. Sípíríǹgì tó ká jọ, afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù, ẹrù tó ṣì rọ̀ sókè, gbogbo wọn ṣì lè gbéra lẹ́yìn tí iná ti lọ.

Níbo ni alábòójútó ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Òun kọ́ ló ń ra àgádágodo. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun ló kọ ìlànà náà. Ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá wọ́n á rí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ìlànà yẹn gbà. Bó bá dúró lókèèrè tó pariwo pé "ẹ ò tíì ṣe tán ni?", ó ti pa àṣẹ mìíràn, àṣẹ yẹn sì lágbára ju èyí tó wà lára ògiri lọ. Bó bá tún wá yin ẹni tó fi ọwọ́ lásán fa nǹkan náà yọ kíá, ó ti kọ́ gbogbo àwọn tó ń wò ní ẹ̀kọ́ tí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́ta kò ní lè pa rẹ́. Ohun tí alábòójútó yìn àti ohun tó gbójú fò ni òfin tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Èmi gbà pé kò sí ohun tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Akoto àti ìbọ̀wọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń rántí bí wọ́n bá ti gbọ́ "ààbò." Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi wọ́n sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè bóyá ewu náà ṣeé mú kúrò. Bí kò bá ṣeé mú kúrò, ṣé a lè fi ohun tí kò léwu tó o rọ́pò rẹ̀? Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbòrí ẹ̀rọ, ọgbà, ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀nà tí a gbà ń pín iṣẹ́ àti àkókò. Ìkẹyìn pátápátá ni ohun tí òṣìṣẹ́ ń wọ̀ sára. Ìdí ni pé akoto kì í dá ohun tó ń já bọ́ dúró. Alábòójútó kò lè tún ilé-iṣẹ́ kọ́, àmọ́ ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò kéré. Ó lè ní kí wọ́n to nǹkan pọ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sókè, dípò kí ènìyàn máa gun òkè lọ tò ó. Ó lè dí ọ̀nà tó gba abẹ́ ẹrù tó rọ̀. Níbi tí ariwo ti dé 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, èyí tí NIOSH, ilé ìwádìí ìlera iṣẹ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà, fi ṣe ààlà fún wákàtí 8, ó lè pín àwọn ènìyàn kí ẹnì kan má baà dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Àwọn wákàtí tó léwu jù

Alábòójútó kò lè wà níbi gbogbo nígbà kan náà, ó yẹ kó mọ ibi tí ojú rẹ̀ ti pọn dandan.

Ọ̀kan ni ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1988, iná sọ ní Piper Alpha, ibi tí wọ́n ti ń wa epo àti gáàsì lórí Òkun Àríwá, nítòsí Scotland. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n ti tú fáàfù ààbò pọ́ǹpù kan kúrò fún àtúnṣe, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ojú ibẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì parí kí ọwọ́ ọ̀sán tó lọ. Àwọn tó gba iṣẹ́ lálẹ́ kò mọ̀ pé fáàfù náà kò sí níbẹ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù kejì kọṣẹ́, wọ́n tan ti àkọ́kọ́. Gáàsì jò, ó bú gbàù, ènìyàn 167 ló kú. Ìwé wà, ìwé àṣẹ iṣẹ́ wà, ohun tí kò sí ni kí ẹni tó ń lọ sọ ọ̀rọ̀ náà yé ẹni tó ń bọ̀. Mo máa ń rántí èyí bí mo bá rí àwọn alábòójútó méjì tí wọ́n juwọ́ síra wọn lẹ́nu géètì, tí ọ̀kan ń wọlé tí èkejì ń jáde. Ó yẹ kí wọ́n jọ rìn dé ìdí iṣẹ́: kí ni a tú tí a kò tíì dè, kí ni a pa tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tàn?

Òmíràn ni ọjọ́ àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Ìwádìí Institute for Work & Health tó wà ní Toronto fi hàn pé ẹni tó wà ní oṣù àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè fara pa ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tó ti lò ju ọdún kan lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí nìkan. Ẹni àádọ́ta ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹni tuntun kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà ní kò gbọ́n. Nítorí náà, bí alábòójútó bá ní "ṣé ó yé ọ?", "ó yé mi" ni yóò gbọ́. Kó ní "fi hàn mí bí o ṣe máa ṣe é" ló dára, kó sì dúró wò ó.

Ooru tún jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. OSHA, àjọ ààbò iṣẹ́ ti Amẹ́ríkà, sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tí ooru pa lẹ́nu iṣẹ́ ló kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ó sì ju 70% tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ara gba ọjọ́ mélòó kan kí ooru tó mọ́ ọn lára. Ìmọ̀ràn NIOSH ni pé kí òṣìṣẹ́ tuntun ṣe 20% iṣẹ́ nínú ooru lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n sì máa fi 20% kún un lójoojúmọ́. Kò sí ẹ̀rọ tàbí owó nínú ìyẹn. Alábòójútó tó ń pín iṣẹ́ lárọ̀ọ́ lè ṣe é lónìí.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí ẹnì kan bá ṣubú sínú kànga, táńkì tàbí kòtò tí afẹ́fẹ́ kò dé. Ojú àánú á mú kí ẹnì kejì bẹ́ wọlé lọ fà á, kí ẹ̀kẹta tẹ̀ lé e. Nínú ìwé ìkìlọ̀ kan tí NIOSH gbé jáde lọ́dún 1986, wọ́n ní ó lé ní 60% nínú àwọn tó kú sí irú ibi bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ àwọn tó lọ gba ẹlòmíràn là. Gáàsì kan tó máa ń wà níbẹ̀ ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, ó ń pa imú kú, ènìyàn kò ní gbóòórùn mọ́, á sì rò pé ó ti lọ. Iṣẹ́ alábòójútó níbẹ̀ le: kó dí ọ̀nà, kó má jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn ẹni náà wọlé, títí àwọn tó ní ohun ìmí á fi dé. Ènìyàn kì í kọ́ irú ọkàn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí ètò ìgbàlà ti wà. Bí kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

"Ẹ dúró"

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, ọdún 2013, ara ògiri Rana Plaza, ilé alájà mẹ́jọ kan ní Savar lẹ́bàá Dhaka ní Bangladesh, là. Báǹkì tó wà níbẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn tó ń rán aṣọ lókè padà sídìí ẹ̀rọ wọn. Ilé náà wó, ènìyàn 1,134 ló kú. Gbogbo wọn ló rí ìlà kan náà lára ògiri. Ohun tó yàtọ̀ ni àṣẹ tí wọ́n fún wọn.

Mi ò ní sọ pé ó rọrùn láti dá iṣẹ́ dúró. Alábòójútó wà láàárín: lókè, wọ́n fẹ́ iye tó yẹ kó jáde; nísàlẹ̀, àwọn tó ń wo ojú rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí àṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró fi yẹ kó ti wà lákọsílẹ̀ kí wàhálà tó dé, kó má jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni yóò máa bá ewu jà tí yóò tún máa bá ọ̀gá jà. Ó tún yẹ kí ẹni tó wá sọ ewu fún un rí èsì. Bí òṣìṣẹ́ bá sọ pé irin ìdìmú àkàbà ti ń mì, tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá tí kò gbọ́ nǹkan kan, kò ní sọ èkejì. Bí àtúnṣe ò bá tiẹ̀ tíì ṣeé ṣe, kó gbọ́ pé "mo ti sọ ọ́, wọ́n ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ má gun un títí di ìgbà yẹn." Bákan náà ni pẹ̀lú nǹkan tó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, bíi bíríkì tó já bọ́ tí kò ba ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n bá ti ń fìyà jẹ ẹni tó wá ròyìn irú rẹ̀, ìròyìn á dáwọ́ dúró, bíríkì kò sì ní dáwọ́ dúró.

Ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí ńkọ́?

Ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ fi hàn pé wọ́n sọ nǹkan fún un. Kò gbé ojúṣe alábòójútó fún un. Bí alábòójútó bá rí i tó ń ṣiṣẹ́ lórí òrùlé láìso okùn ààbò mọ́ra, tó sì kọjá lọ, ìwé yẹn kò lè gbà á sílẹ̀.

Kánádà sọ èyí di ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 1992, ibi ìwakùsà Westray ní Nova Scotia bú gbàù, òṣìṣẹ́ 26 kú, ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀wọ̀n. Òfin tó ti ibẹ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2004: ẹnikẹ́ni tó ń darí bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣiṣẹ́, tàbí tó ní àṣẹ láti darí rẹ̀, gbọ́dọ̀ gbé ìgbésẹ̀ tó bọ́gbọ́n mu kí iṣẹ́ náà má baà pa á lára. Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejìlá, ọdún 2009, pèpéle tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sára ilé gíga kan ní Toronto já, ènìyàn mẹ́rin kú, alábòójútó tó bá wọn wà lórí rẹ̀ sì wà lára wọn. Okùn ààbò kò kárí, ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ náà mọ̀, ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀.

Bí alábòójútó bá ti sọ ewu fún àwọn tó wà lókè tí wọn kò sì dá a lóhùn, kó kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tó rí, ibi tó wà, ọjọ́, ohun tó ń fẹ́ àti ìgbà tó ń fẹ́ ẹ. Kó tọ́jú ẹ̀dà kan. Kó yọ apá tó léwu kúrò nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà, kó máa bá àwọn yòókù lọ, kó sì fi tó aṣojú òṣìṣẹ́ tàbí ìgbìmọ̀ ààbò létí bó bá wà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ní olùbẹ̀wò iṣẹ́ ti ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè pè.

Ẹni tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi ṣe alábòójútó, kó tó gbà á, kó béèrè ohun mẹ́ta: irú ẹ̀kọ́ wo ni ẹ máa fún mi? Ta ni kí n pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru? Ṣé mo lè dá iṣẹ́ dúró láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ gbàṣẹ? Bí wọ́n bá lọ́ tìkọ̀ lórí ìbéèrè kẹta yẹn, kó má tíì gbaṣẹ́ náà títí wọ́n á fi kọ ìdáhùn sórí ìwé.